"Meeting is by 10am": ṣé àṣìṣe ni àbí kì í ṣe àṣìṣe? Àti ọ̀ràn at, on, in

Olùbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé ìpè kan dé sórí WhatsApp ẹgbẹ́ ìlú, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni: "The meeting will hold on Saturday by 10am prompt." Ẹnì kan tó ń gbé ní London ní "by" yẹn kò tọ̀nà, "at" ló yẹ kó wà níbẹ̀. Àwọn yòókù dá a lóhùn pé àṣejù ni, gbogbo ayé ló mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ta ló jàre?

Ìkejì rèé. Wọ́n kọ́ wa nílé ìwé pé "at" ni ti aago, "on" ni ti ọjọ́, "in" ni ti oṣù àti ọdún. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń sọ "in the morning", tí wọ́n ń sọ "at night", tí wọ́n tún ń sọ "on Monday morning"? Yorùbá ní láàárọ̀, lálẹ́, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. "Ní" kan ṣoṣo ló gbé gbogbo rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó mọ ìdí ṣàlàyé, kó má ṣe ní ká lọ há a sórí.

* * *

Tíṣà Gírámà

"By" ni kí a kọ́kọ́ yanjú, torí òun ló ń dá ìjà sílẹ̀.

Nínú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò, "by 10am" kì í sọ ìgbà tí nǹkan bẹ̀rẹ̀. Gbèdéke ló ń sọ: kí aago mẹ́wàá má kọjá lórí rẹ̀. Aago mẹ́jọ wà nínú "by 10am", aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ wà nínú rẹ̀, aago mẹ́wàá géérégé náà wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí "Please be seated by 10am" fi dára gan-an, nítorí àlejò lè ti jókòó láti aago mẹ́sàn-án. Ìpàdé ńkọ́? Ìpàdé ní ìṣẹ́jú tí wọ́n máa ṣí i. "The meeting is at 10am" ni.

Ẹni tó fi "prompt" sí ẹ̀yìn "by 10am" tún ta ko ara rẹ̀. "Prompt" ní aago mẹ́wàá gan-an, "by" ní ìgbàkígbà tí kò bá ti kọjá mẹ́wàá. Méjèèjì ò lè jókòó pọ̀.

"Will hold" náà, ẹ fi í sílẹ̀ lónìí. "Will be held" tàbí "is" ló dáa níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ àkókò.

* * *

Ọmọ Ìbàdàn

Tíṣà, mo tako yín díẹ̀. Èdè ti àwọn tó ń sọ ọ́ ni. Láti Badagry dé Maiduguri, bí o bá gbọ́ "come by 10", aago mẹ́wàá lo máa dé, tàbí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń dé ní aago mẹ́jọ. Yorùbá ló wà nídìí rẹ̀ lójú tèmi: "tó bá ti di aago mẹ́wàá, ká pàdé." "Tó bá ti di" yẹn ni wọ́n sọ di "by". Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà nìyẹn, ó sì ní ìlànà tirẹ̀. Kí ló dé tí a ó fi máa pè é ní àṣìṣe?

* * *

Tíṣà Gírámà

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà pé ó ní ìlànà. Bí gbogbo ẹni tó máa ka ìwé náà bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí kò sì sí owó tàbí ìdánwò nínú rẹ̀, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ibi tó ti ń pani lára ni mo fẹ́ kí ẹ wò.

Ẹ mú gbólóhùn yìí: "The goods will be delivered by Friday." Oníbàárà tó wà ní ìlú Ọba gbọ́ pé ẹrù lè dé lọ́jọ́ Ajé, ó sì gbọdọ̀ ti dé bí Ẹtì bá fi parí. Ẹni tó kọ ọ́ láti Èkó ní ọjọ́ Ẹtì gan-an lọ́kàn. Oníbàárà á ti jókòó sílé láti ọjọ́ Ajé, ẹrù kò ní yọjú títí di Ẹtì. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì, atọ́kùn (ọ̀rọ̀ kékeré bíi "by", "at", "on", "in") kan ṣoṣo ló pín wọn níyà.

Òdìkejì rẹ̀ tún wà. Ìwé ìgbaniwọlé sọ pé "Fees must be paid by 30 June." Ẹni tí "by" bá ti di "at" lọ́kàn rẹ̀ á rò pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń gba owó, á wá lọ tò sórí ìlà ní ọjọ́ ìkẹyìn nígbà tó ti lè san án ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú.

Ìdí tí àwọn ọ́fíìsì wa fi ń kọ "on or before 30 June" nìyẹn. Ó gùn ju "by 30 June" lọ, wọ́n sì jọ ń sọ ohun kan náà, àmọ́ kò sí ẹni tó lè ṣì í gbọ́. Ní ìlú tí "by" ti ní ìtumọ̀ méjì, mo fara mọ́ "on or before" tọkàntọkàn.

* * *

Tíṣà Gírámà

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìkejì báyìí.

Òfin ilé ìwé yẹn kì í ṣe irọ́, kò kàn tó ni. Ìbéèrè tí Gẹ̀ẹ́sì ń bi àkókò kì í ṣe "báwo lo ṣe tóbi tó?" Ohun tó ń bi í ni pé ṣé ojú kan ni ọ́, ṣé ọjọ́ ni ọ́, àbí àyè tí nǹkan lè ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Ojú kan ni "at": "at 7 o'clock", "at noon", "at the moment". Ọjọ́ ni "on": "on Tuesday", "on 12 June 1993", "on my birthday". Àyè ni "in": "in June", "in 1993", "in the rainy season", "in the 19th century".

Tó bá wá kan àwọn apá ọjọ́, ẹ wo ọ̀rọ̀ kékeré kan tó ń jẹ́ "the". Ibi tí "the" bá wà, "in" ni. Ibi tí kò bá sí, "at" ni. In the morning, in the afternoon, in the evening. At dawn, at noon, at dusk, at midnight, at night. Kódà "night" fúnra rẹ̀ ń tẹ̀ lé e: bó bá ní "the", ó di "in the night". Ìtumọ̀ wọn kò sì rí bákan náà. "At night" ni òru ní gbogbogbòò, ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lóru: "Owls hunt at night." "In the night" ni inú òru kan pàtó: "The baby woke up twice in the night."

Kí ẹ má gbé ìdánwò "the" yìí kọjá apá ọjọ́ o. Ẹni tó bá gbé e lọ síbi òpin ọ̀sẹ̀ á ṣubú, torí "at the weekend" ni wọ́n ń sọ nílùú Ọba, bẹ́ẹ̀ "the" wà níbẹ̀.

Wàyí o, ọjọ́ lágbára ju apá rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ti dárúkọ ọjọ́, "in" àti "at" ti apá ọjọ́ á kúrò, "on" á gba ipò wọn: "on Monday morning", "on Friday night", "on the morning of 12 June 1993". Kò sí "in Monday morning", kò sí "at Friday night". Kódà bí ẹ bá kàn fi ọ̀rọ̀ àpèjúwe sí i, tí ó di àárọ̀ kan báyìí, "on" ni: "on a cold harmattan morning". Aago nìkan ni ọjọ́ kì í lé kúrò: "at 9 on Monday morning".

Àti pé ọjọ́ oṣù kì í gba ju atọ́kùn kan lọ. "On 12 June 1993" ti parí. Ẹni tó kọ "on 12 June in 1993" ti fi "in" ṣòfò. Bí kò bá sí nọ́ńbà ọjọ́ nìkan ni oṣù àti ọdún ń gba tiwọn: "on a Saturday in June 1993".

* * *

Ògbufọ̀

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Tíṣà. Kí n fi kún un láti ọ̀nà ìtumọ̀, torí "ní" nìkan kọ́ ni wàhálà. Bí Yorùbá ṣe pín ọjọ́ àti bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe pín in kò bára mu.

Aago méjì òru kì í ṣe "2 at night". "2 in the morning" ni, torí lẹ́yìn ọ̀gànjọ́ ni Gẹ̀ẹ́sì ti ka àárọ̀ sí. Aago mẹ́jọ alẹ́ jẹ́ "8 in the evening", aago mẹ́wàá alẹ́ sì jẹ́ "10 at night". Alẹ́ kan náà fún wa, méjì ni fún wọn, ìgbà tí ilé bá sì ń palẹ̀ mọ́ láti sùn ni ààlà náà máa ń wà, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án. Ọ̀sán náà ńkọ́? Ọ̀sán lásán ni "in the afternoon", ọ̀sán gangan ni "at noon". Ìdájí ni "in the early hours".

Èyí tó ń dun olùtumọ̀ jù ni kíkà. Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn. Gẹ̀ẹ́sì kì í kà á. Ẹ wo "ìjẹta": ẹ̀ta wà nínú rẹ̀ gbangba, torí a ka òní, a ka àná, a ka ọjọ́ tó ṣáájú àná. Gẹ̀ẹ́sì ní "two days ago" tàbí "the day before yesterday". Ẹni tó bá rí ẹ̀ta tó kọ "three days ago" ti fi ọjọ́ kan kún un. Bákan náà ni "ọjọ́ mẹ́jọ òní": bí òní bá jẹ́ Ọjọ́rú, Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ni "a week today" tàbí "in a week". Ẹ má kọ "in eight days", Ọjọ́bọ̀ ni yóò bọ́ sí. Ọjà ọlọ́rùn-ún tí a ń ná ní gbogbo ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin, orí kíkà yìí kan náà ló dúró lé.

Àpẹẹrẹ tó wà níta gbangba ni Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n máa ń ṣe ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá. Lọ́dún 2024, June 16 ni Iléyá, June 18 ni Ojúde Ọba. Ní Gẹ̀ẹ́sì, "on the third day of Eid" tọ̀nà. "Two days after Eid" tọ̀nà. Ẹni tó bá kọ "three days after Eid" ti ní kí àlejò wá ní June 19, nígbà tí ẹṣin àti ẹlẹ́ṣin ti lọ sílé.

* * *

Ará Kétu

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé àwa ti ìhà Benin. Nílé ìwé wa, Faransé ni a ti kọ́kọ́ ń kọ́ kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé, ìdẹkùn tiwa sì yàtọ̀.

Faransé kì í fi atọ́kùn síwájú orúkọ ọjọ́: "lundi", ó parí. Ọmọ wa á wá kọ "The class starts Monday" láìfi "on" sí i. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu, nítorí náà kì í dún létí, ṣùgbọ́n olùkọ́ tó ń tẹ̀ lé Gẹ̀ẹ́sì ìlú Ọba á fa ìlà sí i. "Le matin" náà kò ní atọ́kùn, ìyẹn ló ń mú kí wọ́n kọ "I study the morning".

"Pendant deux semaines" ló tún burú jù. "Pendant" ń ṣe iṣẹ́ "during" àti iṣẹ́ "for" pọ̀, wọ́n á sì kọ "during two weeks". Gẹ̀ẹ́sì kò gbà á. Bí ohun tó tẹ̀ lé e bá jẹ́ iye, tó dáhùn "fún ìgbà tó gùn tó báwo?", "for" ni: "for two weeks". Bó bá jẹ́ orúkọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, tó dáhùn "nígbà wo?", "during" ni: "during the strike", "during Ramadan". Bó bá sì jẹ́ odindi gbólóhùn tó ní olùwà àti ọ̀rọ̀ ìṣe, "for" àti "during" á yẹra, "while" ló kàn: "while the teachers were on strike".

Ohun kan rèé tó mú inú mi dùn nínú ọ̀rọ̀ Ògbufọ̀: Faransé náà ń sọ "dans huit jours" fún ọ̀sẹ̀ kan, àti "quinze jours" fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nítorí náà ọmọ Kétu ní ọ̀nà méjì tó fi lè kọ "in eight days", Yorùbá lápá kan, Faransé lápá kejì. Kí olùkọ́ tètè kìlọ̀ fún un.

* * *

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀, ó ti ń yé mi. "Láti" ńkọ́? "Láti ọdún méjì ni mo ti ń gbé ibí." Wọ́n ní "since two years" kò tọ̀nà, bẹ́ẹ̀ "láti" ni "since".

* * *

Tíṣà Gírámà

"Láti" ju "since" lọ, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Mẹ́ta ni "láti" nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ jẹ́ ká lo ohun tó ṣẹlẹ̀. Nàìjíríà ń wa ọkọ̀ lápá òsì ojú ọ̀nà tẹ́lẹ̀. Ní April 2, 1972, a bọ́ sí apá ọ̀tún.

Bí ẹ bá ń tọ́ka sí ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, tí nǹkan náà sì wà bẹ́ẹ̀ títí di òní: "Nigerians have driven on the right since 2 April 1972." Ojú ìbẹ̀rẹ̀ ni "since" ń fẹ́: ọjọ́, ọdún, aago, tàbí ohun tó ṣẹlẹ̀, bíi "since the wedding".

Bí ẹ bá ń ka iye ọdún: "Nigerians have driven on the right for more than 50 years." Iye ni "for" ń fẹ́. Nítorí náà "láti ọdún méjì" ti di "for two years". Àwọn kan máa ń tún un ṣe sí "since two years ago" kí "since" lè dúró. Ẹ má ṣe é, ó wúwo, "for two years" wà nílẹ̀.

Bí ìbẹ̀rẹ̀ náà bá wà níwájú, tàbí tó jẹ́ ètò tí wọ́n ń kéde: "from". "The new fare applies from Monday." Kò sí "since Monday" fún ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀. Ìwé ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ mọ èyí dáadáa: "with effect from 1 July".

Atọ́kùn nìkan kò tó o. Ọ̀rọ̀ ìṣe gbọ́dọ̀ bá a rìn. "I am living here since 2019" ṣì jẹ́ àṣìṣe bí "since" tilẹ̀ tọ̀nà. "Ti ń" tó wà nínú "mo ti ń gbé" ni kí ẹ tẹ̀ lé, òun ló ń pe "have been": "I have been living here since 2019." Yorùbá ràn yín lọ́wọ́ níbí, ẹ má kọ̀ ọ́.

Kí n tún fi kan kún un. Bí ẹ bá ń sọ pé ẹ kò rí ẹnì kan fún ọdún méjì, ìlú Ọba ní "I haven't seen him for two years", Amẹ́ríkà lè ní "in two years". Méjèèjì dára. Ìgbà tí "not" bá wà nínú rẹ̀ ni "in" yẹn sábà máa ń wọlé bẹ́ẹ̀.

* * *

Akọ̀wé Ọ́fíìsì

Mo fẹ́ padà sí gbèdéke, torí "until" kò tíì jáde, òun sì ni ìbejì "by".

Ọ̀rọ̀ ìṣe ni kí ẹ wò. Bí iṣẹ́ náà bá ń bá a lọ láìdáwọ́ dúró, "until": wait until Friday, stay until Friday, the office is open until 4pm. Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń ṣe lẹ́ẹ̀kan tó parí, "by": pay by Friday, submit by Friday, arrive by Friday. "Submit until Friday" kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì rere, "wait by Friday" náà kì í ṣe é.

Àmọ́ bí "not" bá wọ̀ ọ́, gbogbo rẹ̀ yí padà. "Don't pay until Friday" ń sọ pé má ṣe san án kí Ẹtì tó dé. "Pay by Friday" ń sọ pé má jẹ́ kí Ẹtì kọjá lórí rẹ̀. Owó kan náà, ọjọ́ kan náà, àṣẹ méjì tó kọjú ìjà síra wọn. Ẹni tó bá ń kọ ìwé sí báńkì gbọdọ̀ dúró níbí kó wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Yorùbá tún fi ìdẹkùn kan síbẹ̀: "Dúró títí yóò fi dé." "Yóò" yẹn ló ń bí "Wait until he will come". Gẹ̀ẹ́sì kì í fi "will" sẹ́yìn "until", "before", "when" tàbí "by the time". "Wait until he comes." "By the time you arrive, we will have finished."

Lórí ọjọ́ ìkẹyìn: "by Friday" ka Ẹtì mọ́ ọn. "Before Friday" parí sí Ọjọ́bọ̀. "Until 31 August" ló máa ń dá awuyewuye sílẹ̀ nínú àdéhùn ilé, torí ẹnì kan á ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n wà nínú rẹ̀, ẹnì kejì á ní kò sí. Nínú ìwé tó bá ní owó nínú, ẹ kọ "up to and including 31 August", kí ẹnu lè kò.

Ẹ sì sá fún "midnight on Friday". Ṣé òru tó ṣí Ẹtì ni àbí òru tó ti í? Wákàtí mẹ́rìnlélógún ló wà láàárín àwọn méjèèjì. "11.59pm on Friday" kò ní àríyànjiyàn kankan nínú.

"Between 8am to 4pm" náà pọ̀ lára ògiri ọ́fíìsì. "Between" ń bá "and" rìn, "from" ń bá "to" rìn: between 8am and 4pm, from 8am to 4pm. Kò sí ìkẹta.

* * *

Ọmọ Ìbàdàn

Akọ̀wé, "in two weeks" àti "after two weeks" àti "within two weeks" ńkọ́? Gbogbo wọn ni mo ń rí nínú ìwé àwọn kọngílá.

* * *

Akọ̀wé Ọ́fíìsì

Láti òní lọ, "in two weeks" ni: "I will come back in two weeks." Kì í ṣe "after two weeks", bó tilẹ̀ jẹ́ pé "lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì" ló wà lẹ́nu wa. "After two weeks" dára nínú ìtàn ohun tó ti kọjá: "After two weeks he returned."

Àléébù "in" nínú ìwé kọngílá ni pé ó ní ìtumọ̀ méjì. "We will roof the house in two weeks": ṣé ọ̀sẹ̀ méjì sí òní ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀, àbí ọ̀sẹ̀ méjì ni iṣẹ́ náà máa gbà? Bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, ẹ kọ "in two weeks' time", kí ẹ sì fi àmì kékeré yẹn (apostrophe) sẹ́yìn "s". Bó bá jẹ́ ti ìkejì, "within two weeks" ni, ó sì dára kí ẹ sọ ibi tí kíkà ti bẹ̀rẹ̀: "within two weeks of payment".

* * *

Ará London

Èmi ni mo wá gbèjà ẹni tí wọ́n pè ní aláṣejù lókè yẹn, ẹ má bínú. Ẹni tó bá ń gbé níbí tó gbọ́ "by 10" máa ń dé ní aago mẹ́wàá ku ogún. Á jókòó dúró, á wá rò pé àwọn yòókù ló já òun jù sílẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni ibi tí kò yẹ kí atọ́kùn wà rárá. Bí "this", "last", "next", "every" bá ti wà níwájú, kí atọ́kùn kúrò. "On next Monday", "in last week", "on every Friday": ẹ yọ "on" àti "in" wọ̀nyẹn, gbólóhùn á mí dáadáa. "Tomorrow", "yesterday" àti "today" náà kì í gba nǹkan kan. "Lọ́la" ní "ní" nínú, "tomorrow" kò ní. Ṣùgbọ́n "the" tún lè dá atọ́kùn padà: "next week" ni ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, "in the next week" ni ọjọ́ méje tó wà níwájú wa láti ìṣẹ́jú yìí.

"Láàárọ̀ òní" ni "this morning", kò sí "today morning". "Lálẹ́ òní" ni "tonight" tàbí "this evening". "Lálẹ́ àná" ni "last night", bẹ́ẹ̀ "yesterday morning" àti "yesterday evening" dára. "Night" nìkan ló kọ "yesterday". "Ọ̀túnla" ni "the day after tomorrow". "Next tomorrow" dùn, ó sì kúrú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n níbí.

Lórí òpin ọ̀sẹ̀, "at the weekend" níbí, "on the weekend" ní Amẹ́ríkà, "over the weekend" kò sí ẹni tó máa bá yín jà lórí rẹ̀ níbikíbi. "At Christmas" ni gbogbo àkókò ọdún náà, "on Christmas Day" ni ọjọ́ December 25 fúnra rẹ̀.

* * *

Olùbéèrè

"Next" tí ẹ mẹ́nu bà yẹn, bí òní bá jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ẹnì kan sì ní "next Friday", Ẹtì wo ni? Tí ọ̀sẹ̀ yìí àbí tí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀?

* * *

Ará London

Àwọn tí wọ́n bí sínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ń jà lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ á mú tí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á pe èyí tó súnmọ́ ní "this Friday". Àwọn mìíràn á ní Ẹtì tó bá kọ́kọ́ dé ni "next". Kò sí atọ́kùn tó lè tún un ṣe. Ọjọ́ oṣù ni kí ẹ kọ sí i.

* * *

Ògbufọ̀

Kékeré kan ṣẹ́ kù: "lásìkò". Yorùbá kan, Gẹ̀ẹ́sì méjì. "On time" ni pé aago tí wọ́n dá náà ló bá: "The bus left on time." "In time" ni pé kò tíì pẹ́ jù: "The doctor came in time to save him." Kò sẹ́ni tó dá aago fún dókítà yẹn. Bákan náà, "ní ìparí oṣù" ni "at the end of the month", "nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín" ni "in the end", "by the end of the month" sì tún ti padà di gbèdéke.

* * *

Ọmọ Ìbàdàn

Ó dáa. Mo ṣì dúró lórí pé Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà ni "by 10". Ṣùgbọ́n ìwé ìpè yẹn ń lọ sọ́dọ̀ ará London, ó sì lè lọ sọ́dọ̀ ará Kétu. Báwo ni kí wọ́n tún un kọ?

* * *

Tíṣà Gírámà

Ẹ wo ohun tí wọ́n fẹ́ gan-an. Wọ́n fẹ́ kí ìpàdé bẹ̀rẹ̀ ní mẹ́wàá, wọ́n sì fẹ́ kí ènìyàn ti jókòó ṣáájú. Ohun méjì ni, atọ́kùn méjì ni yóò gbé e:

"The meeting is at 10am on Saturday. Please be seated by 9.45am."

Kí wọ́n fi ọjọ́ oṣù sí ẹ̀yìn "Saturday". Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ìgbà tó máa parí, "It will end by noon" bí wọn kò bá fẹ́ kó kọjá ọ̀sán gangan, "at noon" bó bá dá wọn lójú.